Ògiri Tí Wọ́n Fún Ní Omi Mu

Ersilia Bracconi, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ni ó ń pa kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn San Vito mọ́ ní Roccalvena, ìlú wa kékeré tí ó wà lórí àpáta ní ìtòsí Viterbo. Oṣù kẹwàá ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjàrà wọlé tán, tí òórùn wáìnì tuntun sì gba gbogbo ìsàlẹ̀ ilé kan.

Ní agbègbè wa, ilé ìjọsìn kékeré kì í ní olùṣọ́. Pátákó kan ni a máa ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a ó kọ ọ́ sí i pé ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé, kí ó lọ tẹ aago ojúlé báyìí báyìí. Ní ti San Vito, ojúlé kẹsàn-án ni, níbi tí Ersilia ń gbé. Ẹni tí ó wà ní ojúlé náà yóò gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, yóò mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, yóò sì tẹ̀ lé àlejò lọ. Kì í gba owó oṣù. Ọlá ni ó wà níbẹ̀, àti òfin kan ṣoṣo: kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò ní ọwọ́ ẹni tí a fi í fún. Nazareno, bàbá Ersilia, fi ọwọ́ sí òfin náà níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí ó kú, ọmọ rẹ̀ náà fi ọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni ó wà láàárín ojúlé kẹsàn-án àti San Vito. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ersilia kò kà wọ́n. Nígbà tí ó pé ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ti mọ iye wọn. Nígbà tí ó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti mọ èyí tí ó ń mì, èyí tí ó ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, àti èyí tí orúnkún rẹ̀ yóò ti dún.

Àwọn àlejò kì í sì í mọ àkókò. Viterbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò wo ààfin àwọn póòpù ní òwúrọ̀, wọn yóò rìn nínú ọgbà olómi ti Bagnaia, wọn yóò jẹ ẹja ní etí adágún Bolsena; bí oòrùn bá ṣì kù díẹ̀, wọn yóò rántí pé ìwé ìrìn àjò wọn dárúkọ San Vito ní ìlà méjì. Àwa ni a wà ní ìparí. Ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá wò ni àwòrán tí ọ̀gá kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ yà sí ara ògiri ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn: San Vito, ẹni mímọ́ tí ilé ìjọsìn náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní ọ̀dọ́mọkùnrin, tí ó di okùn ajá méjì mú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Ajá pupa ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Ó gbé ojú sókè wo ọ̀gá rẹ̀ bí ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Loredana Vescovini dé láti Viterbo. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti máa yẹ àwọn àwòrán àtijọ́ wò fún ìjọba. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri láti ẹ̀gbẹ́, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe Ersilia, tí ó jókòó sẹ́yìn tí ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún.

"Màmá, ta ló ń da omi sí i lára?"

"Omi kẹ̀? Òrùlé ò jò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

"Omi òrùlé á wá látòkè. Èyí ò wá látòkè. Ẹ wò ó, ibi tọ́wọ́ èèyàn lè dé ló mọ. Ojú ajá àtojú ẹni mímọ́ ló sì pọ̀ sí jù. Aṣọ tútù ni wọ́n fi ń nù ún."

Ersilia súnmọ́ ògiri. Ojú ajá pupa ti funfun, bí ìgbà tí ó ki imú bọ inú àpò ìyẹ̀fun.

"Iyọ̀ ni," Loredana wí. "Inú òkúta ló wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fún ògiri lómi, àwọ̀ á tàn fún wákàtí kan, bíi pé àná ni wọ́n kùn ún. Tó bá wá gbẹ, iyọ̀ á jáde, á máa ṣí àwọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹni yìí ti ń ṣe é, á tó bí ọdún kan. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Ẹyọ kan."

"Ọwọ́ ta ló wà?"

Ersilia fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ inú àpò rẹ̀. "Ọwọ́ mi," ó wí.

Loredana kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí ó ń kọ. "Màmá, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa padà wá sọ ọ́ níwájú ìlú. Tí kò bá sí ẹlòmíì, orúkọ yín ló máa lọ sí Viterbo pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ní ilé kọfí Gelindo, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán.

"Èmi ti mọ̀," Gelindo wí, ó ń nu ife. "Obìnrin tó ń fọ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣé ó máa fi ajá sílẹ̀ láìwẹ̀?"

"Bóyá ó tiẹ̀ ti sá ẹni mímọ́ yẹn sórí okùn pẹ̀lú aṣọ ibùsùn ẹ̀," ẹnì kan fèsì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Iolanda, tí ó ń gbé ní ojúlé kẹwàá, ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ta nínú yín ló ti gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún yìí? Gelindo, ikùn ẹ ò ní jẹ́ kó o dé ìdajì ọ̀nà."

"Màmá, èmi kọ́ ni mò ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́. Kọfí lèmi ń pa mọ́."

"Kọfí tí ìwọ náà ń fún lómi."

Ohun méjì ni Ersilia mọ̀ tí kò sọ fún Loredana. Èkínní ni pé bàbá rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Nígbà tí òun wà ní ọmọdé, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, Nazareno yóò ri aṣọ bọ inú garawa, yóò sì fi í nu ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun ń fún ẹni mímọ́ ní omi mu. Àwọn ọmọdé yóò tò sẹ́yìn rẹ̀ láti wo bí pupa yóò ṣe jáde láti inú eruku. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ibi ni. Ní ọdún 1961, lẹ́yìn ikú rẹ̀, lẹ́tà ìjọba kan dé láti Viterbo pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́ láéláé. Quirino Baldassi, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, ni ó ka lẹ́tà náà sí etí gbogbo ìlú, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yé wa dáadáa. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Ersilia sọ garawa bàbá rẹ̀ nù.

Èkejì ni ó wúwo jù. Láti oṣù kejìlá tí ó kọjá, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Quirino, tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì di alága ìgbìmọ̀ ìlú, ni ó máa ń sọ ìtàn fún àwọn àlejò. Ẹgbẹ́ ni òun àti Ersilia. Ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé nílé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan, ó bá Ersilia níbi tí ó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn ogójì, tí kò lè lọ, tí kò sì lè padà. Ó ní, "Gbé e wá. Èmi á máa mú wọn gòkè. Ta ló máa mọ̀?" Ersilia gbé e fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ ní gbígbóná. Láti ìgbà náà, bí aago bá dún, ojú fèrèsé ni ó ti máa ń na kọ́kọ́rọ́ sí Quirino.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá a nílé. Quirino ń lọ aṣọ. Ó fi àga fún un, ó sì da kọfí sí ife kékeré méjì.

"Quirino, ìwọ ló ń nù ún."

Kò sẹ́. Ó gbé irin ìlọṣọ dúró. "Ìwọ náà mọ bí àwọn èèyàn yẹn ṣe máa ń dé. Wọ́n ti wo ilé póòpù, wọ́n ti wo adágún, ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Wọ́n á dúró níwájú ẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àmọ́ tí mo bá ti fi aṣọ tútù kàn án, Ersilia, wọ́n á dákẹ́. Obìnrin kan láti Torino sunkún. Bàbá ẹ ló kọ́ mi."

"Bàbá mi ò mọ̀. Ìwọ mọ̀. Ìwọ lo ka lẹ́tà yẹn sí wa létí."

"Omi díẹ̀ ni."

"Lọ wo ojú ajá."

Quirino jókòó. Ó fi ṣíbí ro kọfí tí kò fi ṣúgà sí. "Jẹ́ kí n bá ẹ sọ òótọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. O ti sọ ọ́ fún mi ju ìgbà ogún lọ pé o fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n gbà á. Màá sọ fún ìpàdé pé àgbà ló dé, pé o ò mọ̀ pé ó burú. Kò sí ẹni tó máa bá ìyá arúgbó jà. Wàá máa jẹun ẹ ní gbígbóná. Èmi ńkọ́? Ìdajì ìlú yìí, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú tí wọ́n fi mọ orúkọ wọn kọ."

"Èmi náà lórúkọ."

"Mo mọ̀. Àmọ́ kó o tó dárúkọ tèmi, tìẹ lo máa kọ́kọ́ dá. Wọ́n á bi ẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dé ọwọ́ mi."

Ohùn rẹ̀ kò le. Bí olùkọ́ ṣe ń fi àṣìṣe han ọmọ tí ó fẹ́ràn ni ó ṣe sọ ọ́.

"Sọ ọ́ fúnra ẹ," Ersilia wí. "Ọjọ́ Àìkú ṣì jìnnà díẹ̀."

"Mu kọfí ẹ, ó ń tutù."

Ó mu ún, ó dìde, ó sì lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú kò tilẹ̀ bí òun. Ó ní ọ̀rọ̀ Quirino dà bí ibùsùn tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ de òun, àti pé ọjọ́ méjì ni òun fi wò ó bóyá òun yóò dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Kí ni ó kù tí orúkọ yóò ṣe fún ẹni tí ó wà ní ọjọ́ orí òun? Kò bímọ. Kò sí ẹni tí yóò jogún orúkọ náà, bí ó mọ́, bí kò mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago dún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọbẹ̀ ewébẹ̀ lé búrẹ́dì gbígbẹ nínú àwo ni. Quirino kò tíì gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí náà Ersilia fúnra rẹ̀ ni ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Tọkọtaya kan láti Ancona ni wọ́n, wọ́n tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Kí wọ́n tó dé àtẹ̀gùn àádọ́ta, obìnrin náà ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ọwọ́. Èémí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wá.

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn kò tilẹ̀ wo ògiri. Wọ́n jókòó.

"Èyí nìkan ni?" ọkọ bi í.

"Òun nìkan ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jù báyìí lọ, wọn ì bá gbé mi sọ̀ kalẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Kí ló ṣe ajá yẹn lójú?"

Ersilia yíjú sí ajá náà. "Ara ẹ̀ ò yá," ó wí.

"Yéè, ẹ pẹ̀lẹ́," obìnrin náà wí, bí ìgbà tí a bá sọ fún ènìyàn pé ara ilé ẹni ń ṣàìsàn. Ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ajá náà. Ọkọ rẹ̀ náà wò ó. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ògiri gbẹ táútáú, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, iyọ̀ sì bo imú ajá; síbẹ̀, wọn kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, obìnrin náà di ọwọ́ Ersilia mú. "Níbi gbogbo tá a dé lónìí, wọ́n ń lé wa síwájú ni. Ẹ̀yin jẹ́ ká jókòó. Ẹ bá wa kí ajá."

Ersilia ti ilẹ̀kùn. Orúnkún rẹ̀ ń dùn bí ó ti ń dùn tẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti tutù. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó yé e pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ Quirino nípa àwọn àlejò. Kì í ṣe omi ni wọ́n ń fẹ́. Ohun mìíràn tún yé e. Ìwé tí yóò lọ sí Viterbo kò ní kú bí òun bá kú. Ẹni tí ó bá ṣí i ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò kà á pé ọmọ Nazareno Bracconi ni ó pa ajá náà. Ó fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ìyẹn kò yí padà. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n gbà á ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kún. Don Egisto, àlùfáà wa, gba àdúrà ráńpẹ́, nítorí ebi ń pa á, ebi sì ń pa gbogbo wa. Quirino jókòó sórí àga alága, Loredana sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Loredana ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àti iyọ̀ bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ersilia.

"Ṣé ajá náà máa yè?" ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Tí wọn ò bá tún fún un lómi mọ́, mo lè gba ìdajì ojú ẹ̀ là."

Kùn-ún-kùn-ún dìde. Gbogbo ojú yí sí ìlà iwájú, níbi tí Ersilia jókòó sí. Quirino dìde, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí a lè dákẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká fìbínú ṣe é. Ersilia ti sin ìlú yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àgbà ló dé. Ohun tó rí lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ láyé àtijọ́ ló ń ṣe, kò mọ̀ pé ó burú. Àbá tèmi ni pé ká gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìmọ̀ ni."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. "Olùkọ́ ti parí ẹ̀," Gelindo wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

"Ṣé kò lẹ́nu ni?" Iolanda bèèrè. "Ẹ dá ẹjọ́ èèyàn tán, ẹ ò tíì bi í léèrè."

Don Egisto wo aago ọwọ́ rẹ̀, ojú sì tì í pé òun wò ó. "Màmá Ersilia, ṣé ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

Ó pẹ́ kí ó tó dìde tán. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò, ó sì gbé e sórí tábìlì níwájú Loredana.

"Ẹ má wulẹ̀ gbà á. Mo ti gbé e sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ nínú yín, kó wá mú un. Àmọ́ àìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe tèmi. Èmi mọ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé ni mo sọ garawa bàbá mi nù. Mi ò fi omi kàn án láti ọjọ́ náà."

"Ta ló wá ń nù ún?" Gelindo bèèrè. "Àbí ajá ló ń wẹ ara ẹ̀?"

"Sinmi, Gelindo. Ẹ̀bi tèmi ni màá kọ́kọ́ sọ." Ó kọjú sí Loredana. "Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Òfin kan péré ló wà, mo sì rú u. Láti oṣù kejìlá tó kọjá ni mo ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì, torí orúnkún mi. Bó o ṣe gbọ́ ọ yẹn ni kó o kọ ọ́."

Loredana kọ ọ́.

"Ersilia," Quirino wí ní ohùn jẹ́jẹ́, "ó tó. Jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́."

"Ta lẹ gbé e fún, Màmá?" Don Egisto bèèrè.

Kò jókòó. Ní gbangba, Olùkọ́ ni òun náà máa ń pe Quirino, bí gbogbo wa ṣe ń pè é. Ersilia wò ó láti òdìkejì tábìlì, ó ń dúró dè é. Alága wa sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí Ersilia rí i pé ọkùnrin náà kò ní sọ ọ́, ó yí padà sí àwa tí a jókòó.

"Quirino Baldassi ni mo gbé e fún," ó wí. "Òun ló ń fún ògiri lómi."